Ẹmu Kì Í Ṣe Omi, Kì Í Sì Í Ṣe Oògùn: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Àti Àgbàlagbà Mọ̀

Bí ẹ bá lọ sí òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní, ẹ ó rí i pé ìgò wáìnì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n máa ń tò sórí tábìlì àwọn èèyàn ńlá. Ẹmu tiwa ńkọ́? Inú kẹ́ẹ̀gì ló wà, lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé, lọ́dọ̀ àwọn onílù àti àwọn tó ń dáná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọtí òyìnbó ló ní ìtàn, òun ló ní ìmọ̀ nínú, pé ohun tí adẹ́mu kàn gun igi lọ gbé wá ni ẹmu.

Bí àwọn kan ṣe ń fojú tẹ́ ẹmu báyìí ni àwọn mìíràn ń ka ohun tí kò jẹ́ sí i lọ́rùn. Wọ́n ní kì í ṣe ọtí rárá, pé omi ọ̀pẹ lásán ni. Nítorí náà, wọ́n ń fún ọmọ tí èéyi mú, wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ tuntun kí omi ọyàn rẹ̀ lè pọ̀, àwọn bàbá mìíràn sì ń fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kò ju èyí lọ: ẹmu ní ìtàn, ó ní iyì, iṣẹ́ ọwọ́ tó le ló sì ń mú un jáde, ṣùgbọ́n ọtí gidi ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú akèrègbè láti àárọ̀ di alẹ́ ni yóò mọ ẹni tó lè mu ún àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì nílẹ̀ Faransé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti àwọn Faransé tí a ń fi ọtí wọn ṣe fáàrí. Ní agbègbè ìlú Bordeaux, ọgbà àjàrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Château Margaux. Ní ọdún 1855, ọba wọn nígbà náà, Napoleon Kẹta, ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá kan sí Paris, wọ́n sì ní kí àwọn alágbàtà wáìnì ní Bordeaux to àwọn ọgbà àjàrà náà ní ipò-ní-ipò. Ìpele márùn-ún ni wọ́n to àwọn tó ń ṣe wáìnì pupa sí. Mẹ́rin péré ló bọ́ sí ipò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Ó di ọdún 1973 kí wọ́n tó gbé ẹ̀karùn-ún, Mouton Rothschild, kún wọn. Ọdún 1855 yẹn kan náà ni ajíhìnrere Baptist ará Amẹ́ríkà, Thomas Jefferson Bowen, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìgbà ìkórè, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni wọ́n máa ń ká àjàrà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́, tòun ti èèpo rẹ̀ bó bá jẹ́ ti wáìnì pupa. Ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ṣúgà náà á sì máa di ohun tó ń mú èèyàn yó, tí wọ́n ń pè ní alcohol. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá tí wọ́n fi igi óákù kàn, á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Àwọn olówó á tún tọ́jú ìgò náà fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé bí irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ ni adùn rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i.

Ti ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni gbogbo ọjọ́ ayé ẹmu. Àárọ̀ ló ń bí i, alẹ́ ló ń sọ ọ́ di àgbà, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń kan.

Ọtí ilẹ̀ Ọ̀yọ́

Kì í ṣe ẹmu nìkan ni àwọn baba wa ń mu. Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ wà nínú ọ̀dàn, níbi tí ọ̀pẹ kò ti pọ̀, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sì fi ń pọn ọtí níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó pọ̀ọ́nú. Èyí ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pààlà. Ibẹ̀ ni ọ̀pẹ ti sún mọ́ ilé dáadáa.

Oríṣi méjì ni ẹmu tí a mọ̀ jù. Èkíní ni ẹmu ọ̀pẹ, láti ara igi ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn. Èkejì ni ògùrọ̀, láti ara igi ògùrọ̀ tó fẹ́ràn ẹ̀bá odò àti àbàtà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ máa ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n ń dá a, lẹ́yìn èyí igi náà á kú. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ kì í kú bí wọ́n bá dá a dáadáa.

Iṣẹ́ adẹ́mu kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Igbà ni yóò sọ mọ́ ìbàdí, yóò fi gbá igi mọ́ra, yóò máa gùn ún ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ títí dé ọrùn ọ̀pẹ. Yóò wá ibi tí òdòdó akọ ti fẹ́ yọ, yóò fi ọ̀bẹ mímú gé e, yóò sì so akèrègbè mọ́ ọn kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú rẹ̀. Lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò tún gun igi yìí láti gbé èyí tó ti kán sílẹ̀ àti láti bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá gé e jù, omi á dá. Bí kò bá sì gé e rárá, ojú ọgbẹ́ á dí. Bí igbà bá já, ọ̀rọ̀ di ti ọsibítù tàbí ti sàréè. Àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn nínú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá.

Bí àwọn Faransé ṣe ní àgbá óákù ni àwa náà ní igbá àti akèrègbè tiwa. Ta ni kò mọ Ọ̀yọ́ mọ́ igbá fínfín? Ẹni tó bá mu ẹmu nínú igbá tí ọmọ Ọ̀yọ́ fín, kò rẹlẹ̀ sí ẹni tó mu wáìnì nínú gíláàsì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú akèrègbè

Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ kò ní alcohol nínú nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún ní díẹ̀ lára àwọn èròjà aṣaralóore bíi fítámì C àti oríṣi fítámì B. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń yí padà. Ìwúkàrà wà lára igi, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àná tó kù nísàlẹ̀ akèrègbè. Kí adẹ́mu tó gbé e sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìfófòó tí ẹ ń rí lórí rẹ̀ ni atẹ́gùn tí ìwúkàrà ń tú jáde. Funfun tó funfun bíi wàrà yẹn náà, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí iye wọn kò lóǹkà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹmu tí a ń pè ní aládùn ti lè ní alcohol tó ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó lè tó ìdá 4, ìdá 5, tàbí kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ìdá 5 ló sábà máa ń ní. Èyí já sí pé ẹni tó mu ife ńlá méjì nínú ẹmu àná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu odindi ìgò bíà kan. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò mìíràn yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n á sọ alcohol di ọtí kíkan, ẹmu á sì kan lẹ́nu.

Nítorí náà, adùn ẹnu kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá alcohol wà nínú ẹmu. Ẹmu lè dùn bí oyin kí ó sì ti máa pani. Ṣúgà tó kù nínú rẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pasteur àti ẹmu inú ìgò

Ní àwọn ọdún 1860, wáìnì ilẹ̀ Faransé ń bàjẹ́ lọ́nà tí wọ́n bá ń kó o lọ tà. Napoleon Kẹta kan náà ní kí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Louis Pasteur wá ìdí rẹ̀. Pasteur rí i pé kòkòrò àìfojúrí ló ń bà á jẹ́, ó sì rí i pé bí wọ́n bá gbé wáìnì náà kaná díẹ̀, tí kò dé ibi tí yóò ti hó, àwọn kòkòrò náà á kú, wáìnì kò sì ní bàjẹ́. Ọ̀nà yìí ni wọ́n wá ń lò fún wàrà màlúù, èyí tó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọdé lọ́wọ́ ikú. Ẹ rí i pé ẹ̀kọ́ inú ìgò wáìnì ló di ẹ̀kọ́ ìlera.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló mú kí ẹmu tiwa lè wọ inú ìgò. Àwọn onímọ̀ ní FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní ọdún 1956, ṣe iṣẹ́ lórí bí ẹmu ṣe lè pẹ́ nínú ìgò láì kan. Àwọn ti NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin, náà ṣe irú rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n rọ sínú ìgò, tí wọ́n sì gbé kaná bẹ́ẹ̀, kò tún ní máa le sí i, àwọn kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi èyí gbọ́ o. Alcohol tó ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yẹ ara ìgò wò, kí ẹ rí nọ́ńbà NAFDAC àti ìwọ̀n alcohol tó wà nínú rẹ̀.

Ọbàtálá àti àwọn aboyún

Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹmu lágbára tipẹ́tipẹ́. Ìtàn wọn sọ pé Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ilé ayé, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu lọ́nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn náà tún sọ pé Ọbàtálá ló ń mọ ọmọ nínú ikùn ìyá, àti pé ìgbà tí ẹmu wà lójú rẹ̀ ló mọ àwọn tí a ń pè ní ẹni òrìṣà. Ìdí nìyí tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn tó ń sin Ọbàtálá.

Mi ò sọ pé ọtí ló ń fa gbogbo àbùkù ara o. Rárá. Ọ̀pọ̀ ló wà tí ìyá kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìka àbùkù tọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àgbà tó pa ìtàn yẹn rí i pé ẹmu àti ọmọ tí wọ́n ń mọ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ pàdé.

Ní ọdún 1968, ní ìlú Nantes nílẹ̀ Faransé, dókítà kan tó ń jẹ́ Paul Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 127 tí àwọn òbí wọn jẹ́ ọ̀mùtí. Wọ́n rí i pé ojú wọn jọra, wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ, ọpọlọ wọn kò sì jí pépé. Ní ọdún 1973, àwọn dókítà Amẹ́ríkà rí ohun kan náà, wọ́n sì sọ àìsàn náà lórúkọ. Alcohol tí aboyún bá mu ń gba inú ìwọ́ lọ bá ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún kò sì tíì lágbára láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2007, òfin ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di dandan kí àmì tó ń kìlọ̀ fún aboyún wà lára gbogbo ìgò ọtí tí wọ́n ń tà níbẹ̀, Château Margaux pẹ̀lú.

Akèrègbè tiwa kò ní àmì ìkìlọ̀ lára. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin ni àmì náà. Bí obìnrin bá ti lóyún, tàbí tó ń wá ọmọ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu ẹmu fún un, ìbáà ṣe ife kan.

Omi ọyàn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé ẹmu tútù tàbí ògùrọ̀ ń mú omi ọyàn wá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n alcohol tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ló máa ń wà nínú omi ọyàn rẹ̀. Alcohol tún lè dí ohun tó ń ti omi ọyàn jáde lọ́wọ́, tí ọmọ á máa fà á tí kò sì ní rí i mu tó. Oorun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń sùn kì í ṣe oorun àyó.

Ohun tó ń mú omi ọyàn pọ̀ ni kí ọmọ máa mu ún lóòrèkóòrè, tọ̀sán tòru, kí ẹnu rẹ̀ sì wọ inú ọyàn dáadáa. Kí ìyá máa mu omi dáadáa, kó mu ẹ̀kọ gbígbóná, kó jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja, kó sì rí ẹni bá a gbé ọmọ kó lè sùn. Omi ọyàn nìkan ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí àgbo, kò sí omi, kò sí ẹmu.

Ọmọ tí èéyi mú

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Èéyi, tí a ń pè ní measles ní ọsibítù, ṣì ń pa ọmọ. Ẹmu ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń sáré wá bí ó bá ti sú sí ọmọ lára. Wọ́n á fún un mu kí èéyi lè tú jáde, wọ́n á fi wẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn á tilẹ̀ kán an sí i lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ẹmu kò lè pa kòkòrò tó ń fa èéyi. Sísú tí ó ń sú jáde, bí yóò ṣe ṣe nìyẹn, ẹmu mu ún tàbí kò mu ún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó ń yàgbẹ́, tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi ara rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Alcohol á tún já ṣúgà yẹn wálẹ̀ sí i, á sì tún fa omi jáde lára rẹ̀. Gìrì lè mú un, ó sì lè dákú. Ojú tí wọ́n kán ẹmu sí lè fọ́ pátápátá, nítorí pé èéyi fúnra rẹ̀ ti ń bá ojú jà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fura. Wọn yóò fún un ní fítámì A lọ́jọ́ náà, wọn yóò tún fún un lọ́jọ́ kejì, nítorí pé òun ló ń dáàbò bo ojú àti ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ máa fún un ní omi ORS àti oúnjẹ olómi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń mí gúlegúle, bí gìrì bá mú un, bí ojú rẹ̀ bá ní funfun, tàbí tó bá ń sùn tí kò jí dáadáa, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Èyí tó dára jù ni kí ẹ má jẹ́ kó mú un rárá: abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wà ní oṣù kẹsàn-án, òmíràn sì wà ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má gba ẹyọ kan kí ẹ gbàgbé èkejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ife kékeré kan kò lè ṣe ọmọdé ní nǹkan kan, ẹ ráńtí àwọn Faransé. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn láyé àtijọ́, wọ́n ń fún ọmọ ní wáìnì pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún 1956, ìjọba fòfin dè é fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Nígbà tó di ọdún 1981, wọ́n fòfin dè é fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pátá. Bí àwọn tó ni Lafite àti Margaux bá lè gba ife lọ́wọ́ ọmọ wọn, àwa náà lè gba igbá ẹmu lọ́wọ́ ọmọ tiwa.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa àgbà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi o. Mo mọ̀ pé ẹmu ni ẹ fi ń gbádùn ọ̀rẹ́ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ara àgbà kò rí bíi ti ọ̀dọ́. Omi inú rẹ̀ ti dín kù, ẹ̀dọ̀ kò sì yára mọ́, nítorí náà ife tí kò jẹ́ nǹkan kan fún yín lọ́dún 30 sẹ́yìn lè gbé yín ṣubú lónìí. Egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó, ẹ mọ̀ pé kì í tètè jinná.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bó bá fi ẹmu gbé e mì, òòyì lè kọ́ ọ bó bá dìde. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà láàárín ewu méjì: ṣúgà inú ẹmu lè gbé tirẹ̀ ga, alcohol inú rẹ̀ sì lè já a wálẹ̀ lójijì lóru bó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide. Kò yẹ kí á pa Flagyl tàbí oògùn oorun pọ̀ mọ́ ọtí. Paracetamol pẹ̀lú ọtí àmujù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Omi tútù ni kí ẹ máa fi lo oògùn, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà bó bá bi yín bóyá ẹ ń mu ọtí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá yín wí.

Láti ọdún 1988 ni àwọn onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ WHO sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún ìlera. Ẹni tí kò bá mu ún, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mu ún, kó dín in kù, kó jẹun kó tó mu ún, kó má mu ún lójoojúmọ́, kó má sì gun ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹmu

Ọ̀dọ̀ adẹ́mu tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á, láàárọ̀. Àwọn kan máa ń bu omi lù ú, wọ́n á tún fi sákárìnì sí i kó lè dùn. Omi kànga tí kò mọ́ lè gbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun tàbí àrùn onígbáméjì wọnú rẹ̀. Ẹ wo asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì náà, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti gbé epo bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò rí. Ó dára kí adẹ́mu máa bo ẹnu akèrègbè lórí igi pẹ̀lú. Ní Bangladesh, àdán ń lá omi irú ọ̀pẹ tiwọn lóru, àwọn tó mu omi náà ní tútù sì ti kó àrùn búburú kan tó ń jẹ́ Nipah.

Ògógóró, tí wọ́n ń sè jáde láti inú ẹmu, le ju ẹmu lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Irele ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lójijì, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ìyẹn májèlé kan tó jọ alcohol lójú àti lóòórùn, tó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, ẹ má ṣe dà á sí ọtí àmuyó. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá tún ṣe òde, ẹ gbé ẹmu wa kúrò lẹ́yìn ilé. Ẹ bù ú sínú igbá fínfín, ẹ gbé e síwájú àwọn àgbà tí ara wọn le, tí kò sì sí lórí oògùn, kí wọ́n tọ́ ọ wò níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n kí omi tútù tó mọ́ àti omi ọsàn wà nítòsí fún àwọn aboyún, àwọn ìyá ọlọ́mọ, àwọn ọmọdé, àti àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kò gbà á láyè. Bí a bá fi ohun tó tọ́ sí kálukú fún un, kò sẹ́ni tí yóò ti ibi àríyá dé ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlera lọrọ̀ o.